Yàrá Tí Mo Fi Àríkẹ́ Sí

Ilé tí a ń gbé nígbà náà kò sí mọ́. Wọ́n ti wó o, wọ́n sì ti kọ́ òmíràn sí ààyè rẹ̀, èyí tó ní báákónì tó ń dán àti igi wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi okùn so mọ́ ọ̀pá kí atẹ́gùn má bàa gbé e lọ. Bí mo bá ń kọjá ní Gascoigne, àdúgbò wa àtijọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, mo máa ń gbójú sókè wo àjà kẹfà, níbi tó yẹ kí fèrèsé wa wà, aṣọ ẹlòmíràn ni mo sì máa ń rí tó ń gbẹ níbẹ̀. Kò dùn mí. Ìró ilé àtijọ́ náà ni mo mú kúrò níbẹ̀, kò sì sí ẹ̀rọ tó lè wó ìyẹn. Lífìtì wa máa ń mí kanlẹ̀ bí arúgbó kó tó ṣílẹ̀kùn. Páìpù omi a máa ké nínú ògiri bí ẹnikẹ́ni bá ń wẹ̀ lókè. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀, ẹ̀rọ tó ń wó ilé tó kángun sí tiwa yóò bẹ̀rẹ̀, gbì, gbì, gbì, àwọn àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù yóò sì máa dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀rọ tó jí, Ìyá Àgbà ti jí. Agogo ọwọ́ rẹ̀ á dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, á bẹ̀rẹ̀ Sáàmù ní ohùn kan tó dà bíi pé ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ jókòó sétí ibùsùn náà.

Àwa mẹ́rin la wà nínú ilé oníyàrá méjì náà, obìnrin sì ni gbogbo wa. Ìyá Àgbà, tó bí ìyá mi, ló dàgbà jù. Ẹnu Èkìtì ló fi ń sọ̀rọ̀, n kò sì lè kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ń dún, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bí gbogbo wa ṣe ń kọ Yorùbá. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí mo ń pè ní Mọ́mì Tèmi, ló ni ilé. Ó ń tọ́jú àwọn arúgbó òyìnbó ní ilé ìtọ́jú kan nítòsí Ripple Road. Tèmi ni ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ọmọ ọdún méjìlá, ìlú yìí la bí i sí. Yorùbá tó wà lẹ́nu rẹ̀ kò ju ‘ẹ káàárọ̀ mà’ àti orúkọ oúnjẹ lọ, ṣùgbọ́n ó gbọ́ gbogbo ohun tí a bá ń sọ, pàápàá èyí tí a kò fẹ́ kó gbọ́. Èmi ni ẹnì kẹrin. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ mú mi wá lẹ́yìn ikú ìyá mi, pẹ̀lú àpò kan àti ojú tó máa ń tì mí. Bí ẹnì kan bá bèèrè nǹkan lọ́wọ́ mi, ilẹ̀ ni mo máa ń wò, bíi pé ibẹ̀ ni ìdáhùn já bọ́ sí.

Ìwé kẹrin ni mo dé nílé ẹ̀kọ́ girama kí wọ́n tó mú mi kúrò. Lẹ́yìn ìyẹn mo kọ́ṣẹ́ télọ̀ fún ọdún kan ààbọ̀, ṣùgbọ́n àìsàn ìyá mi dé, n kò dé ibi fírídọ̀ọ̀mù. Mo lè ṣe apá aṣọ, n kò lè ṣe ọrùn. Mọ́mì Tèmi mọ gbogbo èyí, kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Òun ni ẹni tó máa ń jẹ búrẹ́dì títí kan èèpo, tó máa ń fún ike ọṣẹ tí a fi ń fọ eyín títí yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ bí bébà. ‘Ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ l’oníṣẹ́,’ lá máa wí, ‘à fi ẹni tó bá foríti í dópin.’ Kì í bú mi. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ lórí fóònù ní ọjọ́ kan, nígbà tó rò pé mo wà nínú ilé ìwẹ̀, tó ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, ‘Ọmọ dáadáa ni o, iṣẹ́ ilé ò nira fún un. Kò kàn sí ohun tó ń parí ni.’ Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo di ọṣẹ mú, omi ń kán sórí ẹsẹ̀ mi. Ọ̀rọ̀ náà kò tóbi. Ó wọlé ni.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n mú mi lọ ní kí n dúró di ọdún ẹ̀kọ́ tuntun, nítorí pé àárín ọdún ni mo dé. Nítorí náà mo dúró. Mo ń gbálẹ̀, mo ń ṣa ẹ̀wà, mo ń fọ sùtánà funfun tí Ìyá Àgbà ń wọ̀ lọ sí ìjọ, tí a kò gbọ́dọ̀ pò mọ́ aṣọ mìíràn nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ní oṣù kejì tí mo dé ni Mọ́mì Tèmi gbé ìwé kan wálé. Wọ́n ń palẹ̀ ṣẹ́ẹ̀fù ìwé mọ́ níbi iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ mú. Ìtàn ìfẹ́ ayé àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ó nípọn tó ìdajì búrẹ́dì. Obìnrin kan wà níwájú rẹ̀ nínú aṣọ pupa, àyà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde tán, ẹṣin ń sáré lẹ́yìn rẹ̀ lọ síbi ilé olókùúta kan. Ìyá Àgbà wo àwòrán náà títí.

‘Ta ló bọ́ obìnrin yìí sí ìta nínú òtútù?’ ó bèèrè.

‘Màámi, àwòrán ni,’ Mọ́mì Tèmi wí.

‘Mo mọ̀ pé àwòrán ni. Òtútù kì í mú àwòrán?’

Ó fa kàlẹ́ńdà ìjọ ti ọdún tó kọjá yọ, ó fi bo ìwé náà láti ẹ̀yìn dé iwájú, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Bí ẹ bá rí i lórí tábìlì, ẹ ó rò pé ìwé orin ni. Mọ́mì Tèmi gbé e lé mi lọ́wọ́ lójú gbogbo wọn. ‘Mojí, ẹni tó bá ka èyí tán, kò sí ìwé tí wọ́n máa gbé fún un ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó máa bà á lẹ́rù. Ewé mẹ́wàá, ewé mẹ́wàá lójúmọ́. Alaalẹ́, wàá sọ ohun tí o kà fún wa. Èyí, wàá parí ẹ̀.’ Mo ní, ‘Ẹ ṣé, mà.’ Mo sì jẹ́jẹ̀ẹ́ nínú ara mi pé màá parí rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú mi ló máa fọ́.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, ewé méjì ni mo lè kà. Mo ń wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ lórí fóònù àtijọ́ tí Tèmi fún mi, tí ojú rẹ̀ ti là bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà fún oríṣìíríṣìí kẹ̀kẹ́ ẹṣin nìkan tó mẹ́rin. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ti ń ka mẹ́jọ, mo ti ń ka mẹ́wàá. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, Mọ́mì Tèmi á ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ inú omi gbígbóná oníyọ̀, Ìyá Àgbà á gbé ẹ̀wà ọjọ́ kejì lé itan, Tèmi á jókòó sílẹ̀ kí n máa tú irun rẹ̀. ‘Ó yá,’ wọ́n á ní, ‘kí ló ṣe?’ Èmi náà á sì sọ ọ́. Ẹ gbọ́ o, kò sí ìgbà kan rí, ní ilé tàbí lẹ́yìn odi, tí ènìyàn mẹ́ta dákẹ́ nítorí èmi. Ohùn mi kọ́kọ́ máa ń gbọ̀n. Nígbà tó yá, mo ti ń fi ọwọ́ júwe, tí òòyà ọwọ́ mi á máa fò lọ sókè.

Ọmọbìnrin inú ìwé náà ń jẹ́ Henrietta. Ìyá Àgbà gbìyànjú orúkọ yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ó jù ú sílẹ̀, ó ní òun á máa pè é ní Àríkẹ́. Bàbá Àríkẹ́ fẹ́ fi í fún àgbàlagbà ọlọ́rọ̀ kan tó ń wúkọ́. Àríkẹ́ sá kúrò nílé nínú òjò. Lọ́ọ̀dù kan tó gun ẹṣin dúdú bá a lójú ọ̀nà.

‘Ta ni bàbá ọkùnrin yẹn?’ Ìyá Àgbà bèèrè. ‘Ẹnì kan ti wádìí ìdílé rẹ̀?’

‘Lọ́ọ̀dù ni, Ìyá Àgbà.’

‘Lọ́ọ̀dù ti ìlú wo? Ìyàwó ńkọ́? Ọkùnrin tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀, tó ní ẹṣin, tí kò níyàwó, ẹ bi í léèrè ohun tó fà á.’

‘Màámi, ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀!’ Mọ́mì Tèmi á pariwo, tó ti gbàgbé pé nítorí kí n lè mọ Gẹ̀ẹ́sì la ṣe ń ṣe é.

‘Kí ló dé tí kò fi pe ọlọ́pàá?’ Tèmi wí. ‘Oh my days. Ṣé kò ní fóònù ni?’

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ títí mo fi dé ibi tí ọkùnrin náà gbé Àríkẹ́ dé ilé olókùúta rẹ̀, tó mú un gòkè lọ sí yàrá kan, tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, tó sì fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọrùn ara rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì tí mo sọ ìyẹn fún wọn, mo ka díẹ̀ sí i. Ọ̀sán ni, àwọn tó ń wólé ti lọ jẹun, ilé sì pa rọ́rọ́. Ọkùnrin náà sọ fún un láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pé òun kò ní ṣí i títí ìfẹ́ òun yóò fi wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Mo ṣí ojú ewé kejì kíákíá, nítorí mo fẹ́ mọ èébú tí Àríkẹ́ máa bú u. Kò bú u. Èjìká ọkùnrin náà ló ń rò. Èjìká rẹ̀ àti ohùn rẹ̀, àti bí ara òun ṣe ń gbóná. Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì, mo rò pé Gẹ̀ẹ́sì mi ni kò gbé e. Mo gbé fóònù. Kò sí ọ̀rọ̀ tí mo máa wá níbẹ̀. Ojú ewé àkọ́kọ́ nìyẹn nínú gbogbo ìwé náà tí mo kà láti òkè dé ìsàlẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ yé mi, ó sì wá jẹ́ pé èyí tó yé mi ni mo kórìíra. Mo ṣí iwájú díẹ̀, bóyá inú á bí i. Ó ti ń nu fèrèsé, ó ń dúró dè é. Mo pa ìwé náà dé.

Ara mi fúyẹ́. Mi ò lè ṣàlàyé rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bọ́ bàtà tó há. Mo dìde, mo po gàárì mu, mo fi epa sí i, mo jókòó sójú fèrèsé, mo ń wo àwọn òṣìṣẹ́ tó wọ ẹ̀wù ọsàn nísàlẹ̀. Lónìí tí mo ti di obìnrin, tí mo ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé, tí mo sì ń ka ìwé nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Riverside, mo ti pa ìwé bíi mẹ́fà dé láàárín, n kò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo wá wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, tí olùkọ́ bèèrè ìwé tí olúkúlùkù wa ti kà, mo ní ìdajì ọ̀kan. Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sílẹ̀, kò sì sí ohun tó ṣe mí. Ṣùgbọ́n ọ̀sán ọjọ́ yẹn, n kò tíì mọ̀ pé ó ṣeé ṣe. Kí n tó mu gàárì náà tán, ẹ̀rù ti dé. Alẹ́ ń bọ̀. Wọ́n máa bèèrè.

‘Ó yá, kí ló ṣe?’

‘Ó ṣì wà nínú yàrá,’ mo wí.

Ìdí tí n kò fi lè tú u sílẹ̀ ni pé Tèmi mọ Gẹ̀ẹ́sì jù mí lọ. Bí mo bá ní Àríkẹ́ jáde, tí Tèmi ṣí ìwé, tó rí i pé kò jáde, ó parí. Bí mo bá sì ní n kò kà á mọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn ló máa jáde lójú gbogbo wa: kò sí ohun tó ń parí. Nítorí náà mo fi Àríkẹ́ sílẹ̀ níbi tó wà. Alaalẹ́ ni mo ń wá nǹkan tí màá fi kún yàrá náà. Mo fún un ní iná ìdáná. Mo jẹ́ kí òjò rọ̀. Mo jẹ́ kí ẹyẹ kan bà lé fèrèsé, kó fò lọ. Tèmi ti ń yán. ‘Boring, man,’ ó wí, ó sì gbé ojú lé fóònù rẹ̀. Mọ́mì Tèmi náà ti ń tòògbé sórí omi oníyọ̀. Ìyá Àgbà nìkan ni kò tòògbé. Ó ti dẹ́kun ṣíṣa ẹ̀wà.

‘Kí ló ń jẹ?’

‘Búrẹ́dì, mà. Àti ẹran díẹ̀.’

‘Ta ló ń gbé e wá?’

‘Ọkùnrin yẹn fúnra rẹ̀.’

‘Ṣé ó máa ń bọ́ kọ́kọ́rọ́ náà lọ́rùn bó bá fẹ́ sùn?’

‘N kò tíì dé ibẹ̀, mà.’

‘Bó o bá dé ibẹ̀, kí o sọ fún mi.’ Ó sì mí kanlẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan àti ààbọ̀ ni mo fi ti Àríkẹ́ mọ́lé, mo sì ti ara mi mọ́ ọn. Bí Ìyá Àgbà bá ka Sáàmù ìdájí, mo máa ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, lẹ́yìn orúkọ Tèmi àti temi. Mo rò pé inú ilé ló máa mọ. Ọjọ́ Ìsinmi kan, tí Mọ́mì Tèmi wà níbi iṣẹ́, tí Tèmi wà lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, èmi àti Ìyá Àgbà nìkan ló lọ sí ìjọ, nínú gbọ̀ngàn kan láàárín àwọn ilé ìkẹ́rùsí. A bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà bí a ṣe ń ṣe. Nígbà tí wọ́n dé ibi àkànṣe àdúrà, tí Bàbá Alàgbà, tó jẹ́ àgbà ìjọ wa, ń ka àwọn bébà tí ènìyàn fi orúkọ sí, mo gbọ́ ọ kedere.

‘Arábìnrin wa Àríkẹ́, tó wà ní àhámọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí. Kí Ọlọ́run ṣílẹ̀kùn fún un!’

‘Àmín!’ Gbogbo gbọ̀ngàn mì. Aṣọ funfun ń fò sókè sódò. Mo tutù bí ilẹ̀ tí mo fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀. Obìnrin tó jókòó tì mí fi ìgúnpá gún mi ní ìhà.

‘Ará ilé yín ni? Ẹ̀gbọ́n rẹ ni?’

Ojú tì mí, mo sì mi orí bí ẹni tó gbà. Mímì orí yẹn ló bà á jẹ́. Kí a tó wọ bàtà wa tán, ìròyìn ti yí gbọ̀ngàn po pé àwọn Ìmígíréṣọ̀n ti mú ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti tì í mọ́ ibì kan nítòsí pápá ọkọ̀ òfurufú. Ẹnì kan ní òun mọ ibẹ̀. Ẹnì kan ní búrẹ́dì lásán ni wọ́n ń fún wọn jẹ níbẹ̀, Ìyá Àgbà sì dáhùn pé, ‘Búrẹ́dì àti ẹran díẹ̀.’ Bàbá Alàgbà kéde ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́.

Ìyá Àgbà ní òun máa gbà á. Ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, dókítà sì ti kìlọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ lò ó láìjẹun. Mọ́mì Tèmi, tó rò pé ààwẹ̀ gbogbo ìjọ lásán ni, bẹ̀ ẹ́, ó tún pariwo mọ́ ọn. ‘Dókítà ní ẹ gbọ́dọ̀ jẹun láàárọ̀!’ Ìyá Àgbà ní, ‘Dókítà kò mọ ẹni tí mo ń gbààwẹ̀ fún.’ Ọjọ́ Ajé kọjá. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbé tíì wọlé tọ̀ ọ́ ní ọ̀sán, mo ní kó kàn tọ́ ọ wò. Ó jókòó sétí ibùsùn, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí ìbora, ètè rẹ̀ ti gbẹ. Kò sọ pé rárá. Ó ní, ‘Ṣé o kà á lónìí?’ Mo gbé tíì náà padà sí ilé ìdáná, mo gbé e kalẹ̀, mo di etí ibi ìfọwọ́ mú. Ẹ̀rọ ń lù lóde, àwo ń dáhùn. Mo mọ̀ pé ohun tí mo ń fi pamọ́ kò tó ohun tó ń gbọ̀n lórí ibùsùn yẹn. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹnu mi ni kò là.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, aago márùn-ún ti lù díẹ̀, ni wọ́n kan ilẹ̀kùn. Bàbá Alàgbà ni, òun àti arábìnrin kan nínú ìjọ tó mọ̀ nípa ìwé ìgbélùú, tó di fáìlì mọ́ àyà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ni Mọ́mì Tèmi wọlé láti ibi iṣẹ́, Tèmi tẹ̀ lé e. Ó kúnlẹ̀ kí Bàbá Alàgbà pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn. Ìyá Àgbà ti jáde, ó fara ti ògiri.

‘A ò ní pẹ́,’ arábìnrin náà wí, ó ṣí fáìlì. ‘Orúkọ tó wà nínú ìwé ìrìnnà rẹ̀ ni mo fẹ́. Àti ọjọ́ tó wọ̀lú. Lọ́yà kan ti ṣetán láti gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀.’

‘Ọ̀rọ̀ ta ni?’ Mọ́mì Tèmi bèèrè.

‘Àríkẹ́ yín tó wà ní àhámọ́.’

‘Àríkẹ́ wo?’

Tèmi wò mí. Mọ́mì Tèmi tẹ̀ lé ojú Tèmi, ó wò mí. Bàbá Alàgbà náà yí ọrùn.

Mo sọ ọ́.

‘Sọ ọ́ sókè,’ Mọ́mì Tèmi wí.

‘Inú ìwé ló wà.’

‘Ìwé wo?’ Bàbá Alàgbà bèèrè. ‘Ìwé Ìmígíréṣọ̀n?’

‘Rárá, sà. Ìwé ìtàn.’

Tèmi bú sẹ́rìn-ín débi tó fi jókòó sílẹ̀. Arábìnrin náà pa fáìlì rẹ̀ dé díẹ̀díẹ̀. ‘Mo gbàyè níbi iṣẹ́ nítorí èyí o,’ ó wí, kì í ṣe fún ẹnikẹ́ni. Mo ń wo kápẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n bí ẹnu ti là, kò ṣeé pa dé mọ́. Mo ní mi ò kà á mọ́ láti ọ̀sẹ̀ kan àti ààbọ̀. Mo ní ẹyẹ yẹn, èmi ni. Òjò yẹn, èmi ni. Mo ní kí Ìyá Àgbà jọ̀ọ́ jẹun.

‘Ìwọ!’ Mọ́mì Tèmi na ìka sí mi, ọwọ́ kóòtù rẹ̀ ń fì. ‘Ilé ẹ̀kọ́, àárín lo ti dúró. Télọ̀, àárín. Ìwé kan ṣoṣo, Mojí! Ìwé kan! Tí a kò ní kí o san nǹkan kan, tí a kò ní kí o jáde nínú òtútù...’

Ohun tí mo ti ń sá fún láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn nìyẹn, ó ti dé. Mo dúró kó parí.

‘Fọlákẹ́, dákẹ́,’ Ìyá Àgbà wí fún Mọ́mì Tèmi. Kò pariwo. Ó wá jókòó sórí àga tó kù. ‘Mojí. Kí ló dé tí o kò fi kà á mọ́?’

Mo ní ọkùnrin náà tì í mọ́lé, ó ní ìfẹ́ ni. Mo ní Àríkẹ́ sì ti ń gbà fún un. Ó ti ń nu fèrèsé dè é. Mo ní, ‘N kò fẹ́ wà níbẹ̀ tó bá gbà tán, mà.’



‘Kí n tó mọ bàbá yín,’ Ìyá Àgbà wí, Mọ́mì Tèmi ló kọjú sí, ‘mo ti lọ sílé ọkọ kan rí.’

‘Màámi?’

‘Mo ní kí o dákẹ́. Ó rẹwà. Gbogbo àdúgbò ń yìn ín. Bó bá ń lọ sóko, á ti ilẹ̀kùn mọ́ mi láti ìta, á fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọrùn. Ó ní tí òun kò bá fẹ́ràn mi, ṣé òun á máa tì mí mọ́lé? Mo ránṣẹ́ sí ìyá mi. Ìyá mi ní kí n mú sùúrù, pé a kì í fi ilé ọkọ sílẹ̀ láàárín. Ọdún méjì! Ọjọ́ kan ló gbàgbé kọ́kọ́rọ́ náà sára ilẹ̀kùn. Ọbẹ̀ wà lórí iná. N kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀. Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá ọbẹ̀ náà jóná.’ Ó fi ọwọ́ nu ètè rẹ̀ tó gbẹ. ‘Ìyẹn ni mo ń bẹ Ọlọ́run fún ọmọ yẹn, pé kí ọkùnrin náà gbàgbé lọ́jọ́ kan. Ẹni tó kọ ìwé yìí kò tíì gbé inú irú yàrá bẹ́ẹ̀ rí. Má kà á mọ́. Tèmi, gbé oúnjẹ mi wá.’

‘Aago mẹ́fà kò tíì lù, Màmá,’ Bàbá Alàgbà wí.

‘Ẹni tí mo ń gbà á fún ti jáde.’

Tèmi gbé ẹ̀bà àná àti ọbẹ̀ ilá wá, kò sì tíì gbóná dáadáa. Ìyá Àgbà fọwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ lójú gbogbo wa. Mọ́mì Tèmi ti jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, kóòtù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń wò ó bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé náà. Nígbà tó yá, ó gbé ojú sókè sí mi. ‘N kò mọ̀ pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni,’ ó wí. Lẹ́yìn náà ó ní, ‘Lọ bu tìẹ náà.’ Mo lọ bù ú.

Bàbá Alàgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà, fìlà lọ́wọ́. ‘Kí ni mo fẹ́ sọ fún ìjọ báyìí, Màmá? N kò lè purọ́ lórí pẹpẹ.’

‘Ta ní kí ẹ purọ́?’ Ìyá Àgbà wí, ẹ̀bà wà lẹ́nu rẹ̀. ‘Obìnrin kan wà nínú yàrá, ilẹ̀kùn tì. Kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀.’

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló sì sọ ọ́ ní ọjọ́ Ìsinmi, láì fi ọ̀rọ̀ kan kún un. A kígbe Halelúyà lẹ́ẹ̀méje, ilẹ̀ ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ lásán wa. Obìnrin ọjọ́sí tún jókòó tì mí. Ó gbá ọwọ́ mi méjèèjì mú, omi ti lé sí i lójú.

‘Ẹ̀gbọ́n rẹ ti jáde! Báwo ló ṣe wà?’

Mo wo ojú rẹ̀.

‘Ara rẹ̀ ti balẹ̀, mà,’ mo wí, n kò sì rẹ ohùn mi sílẹ̀. ‘Ó ń jẹun dáadáa.’